Kàráfáànì kékeré fún ìpàgọ́ ní Kétu àti Sábẹ̀: kí ni ká yọ, kí ni ká fi sí i?

Ìbéèrè: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́. Èmi àti ọkọ mi ra kàráfáànì kékeré kan ní Kùtọnu, ilé kékeré tí ọkọ̀ ń wọ́ lẹ́yìn, èyí tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Táyà méjì ló ní, gígùn rẹ̀ kò tó mítà 4. Inú rẹ̀ há gan-an: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, sítóòfù, kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ kótópó kan. A fẹ́ máa fi lọ kí ìyá ọkọ mi ní Kétu, ká sì máa fi pàgọ́ ní ìdí òkè Sábẹ̀ nígbà ìsinmi ilé-ìwé, àwa pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹni tó fẹ́ bá wa tún un ṣe ní ká gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí orí rẹ̀, ká kan bẹ́ẹ̀dì alájà méjì mọ́ ọn fún àwọn ọmọ, ká sì de tánkì omi 200 lítà mọ́ ẹ̀yìn. Toyota kékeré la ní. Owó wa kò pọ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹ ṣé é, olùkọ́ wa, ẹ sì kú oríire. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí, ẹ ò fẹ́ ná owó sí ohun tí ẹ máa tún tú dànù lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ yín kú sójú ọ̀nà Dáṣà pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ má sì kan ohunkóhun mọ́ ọn pa títí ẹ ó fi sùn nínú rẹ̀ fún odidi ìsinmi kan. Lára àwọn nǹkan mẹ́ta tí oníṣẹ́ yẹn dárúkọ, mi ò ní gbà yín níyànjú láti ṣe ọ̀kankan bó ṣe wí i.

Àwọn tó ṣe kàráfáànì yìí ṣe é fún ilẹ̀ tó tutù, níbi tí òjò àti òtútù ti ń lé èèyàn wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó ibi ìdáná, ibi ìjókòó, ibi ìwẹ̀ àti ibi ìsùn sínú yàrá kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ wa, ta ló máa jókòó sínú ilé páànù lọ́sàn-án gangan? Ìta la ti ń dáná, abẹ́ igi la ti ń jẹun, ibẹ̀ náà la ti ń tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ohun tí ẹ nílò lọ́wọ́ kàráfáànì yín ni pé kí òjò má pa yín, kí ẹ̀fọn má jẹ yín, kí ẹrù yín wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé sítóòfù inú, kọ́bọ́ọ̀dù òkè, tábìlì àti ilé ìwẹ̀ yẹn lè jáde. Ẹ fi ọgbọ́n tú u ṣá o. Nínú àwọn kàráfáànì kan, kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri ilé ìwẹ̀ ló ń ran ara ilé lọ́wọ́ láti dúró. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan tí ògiri ìta sì ń mì nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ tì í, ẹ fi igi tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó lọ sórí òmíràn.

Tánkì omi ló bà mí lẹ́rù jù. Lítà omi 1, kílò 1 ni, torí náà lítà 200 jẹ́ kílò 200, a ò tíì ka tánkì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kàráfáànì tó mọ níwọ̀n ti yín kì í ju nǹkan bí kílò 400 sí 800 lọ lófìfo. Bí ẹ bá wá so kílò 200 mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá tí táyà méjèèjì dúró lé, ẹ̀yìn á tẹ̀, imú, ìyẹn iwájú tó so mọ́ ọkọ̀, á gòkè, gẹ́gẹ́ bí igi gígùn tí èèyàn gbé lé èjìká tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wúwo ju iwájú lọ. Kàráfáànì tí imú rẹ̀ fúyẹ́ kì í tẹ̀lé ọkọ̀ dáadáa. Ẹ lè máà mọ̀ bí ẹ bá ń rọra lọ láàárín ìlú, àmọ́ bí ẹ bá ti ń sáré kílómítà 80 ní wákàtí kan, tí tírélà kan bá yín kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ti kàráfáànì sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún, á jù sósì, ìkejì á ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìkẹta á ju ti ìkejì lọ, títí á fi gbé ọkọ̀ tó ń wọ́ ọ kúrò lójú títì. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ di síárìn mú gírígírí láìyí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí eré náà dín kù fúnra rẹ̀. Bíréèkì òjijì àti síárìn yíyí ló sábà ń dojú ọkọ̀ dé.

Ẹ lè wọn ìwúwo imú náà nílé yín láìná kọ́bọ̀. Ẹ kó ẹrù ìrìn-àjò sínú kàráfáànì bí ẹ ó ṣe gbé e lọ gan-an, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta há táyà rẹ̀. Ẹ mú òṣùwọ̀n tí èèyàn ń dúró lé wọn ara rẹ̀, ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ kan lé e, kí ẹ wá gé igi tó nípọn tí yóò gbé ẹnu ìkọ́ dúró lórí rẹ̀ ní ìga kan náà tó máa wà lẹ́yìn ọkọ̀. Iye tí òṣùwọ̀n bá fi hàn ni ìwúwo imú. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ kí ó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwúwo kàráfáànì. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kílò 600, ìyẹn jẹ́ 60 sí 90. Ní Yúróòpù, tí ọkọ̀ wọn kéré jù, wọ́n ń lo iye tó dín sí èyí, torí pé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò gbọ́dọ̀ gba ju kílò 50 tàbí 75 lọ. Iye tó wà lára irin ìkọ́ ọkọ̀ yín tàbí nínú ìwé rẹ̀ ni ọ̀gá. Bí òṣùwọ̀n bá fi kílò 20 hàn, ẹ gbé ẹrù díẹ̀ wá síwájú. Bó bá ju ohun tí ọkọ̀ gbà lọ, ẹ tì í sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Ní ti omi, bídọ́ọ̀nù lítà 25 méjì tó yín, kí ẹ dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní iwájú ọ̀pá táyà díẹ̀. Ẹ gbé wọn lófìfo láti Àjàṣẹ́, omi wà ní Sábẹ̀, omi sì wà ní Kétu.

Ó yẹ ká béèrè bóyá Toyota yín á lè wọ́ ọ. Iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí wà nínú ìwé rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjì: iye tó lè wọ́ bí kàráfáànì bá ní bíréèkì tirẹ̀, àti iye tó kéré sí i bí kò bá ní. Ní Yúróòpù, kàráfáànì tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò kọjá kílò 750 ló lè máà ní bíréèkì, òfin wọn sì tún máa ń sọ pé kí ó má ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ tó ń wọ́ ọ lọ. Ẹ lo òdinwọ̀n yẹn kódà bí ẹnì kankan kò bá bi yín. Kì í ṣe fífà ni ìṣòro ọkọ̀ kékeré, dídúró ni. Bí ọmọdé bá sá jáde ní Gilásúè, kàráfáànì tí kò ní bíréèkì á máa ti ọkọ̀ yín láti ẹ̀yìn.

Kí n tó kúrò lórí ìkọ́, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ tó ń ra ẹrù òkè òkun ní Kùtọnu kò mọ̀. Bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹnu ìkọ́ kàráfáànì ń jókòó lé, èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Ti Amẹ́ríkà tó sún mọ́ ọn, oní-íǹṣì 2, jẹ́ mìlímítà 50.8. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹnu ìkọ́ Yúróòpù lè dúró lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bí ẹni pé ó ti tì, kó má sì tì. Bọ́ọ̀lù Yúróòpù náà á máa jó nínú ẹnu ìkọ́ Amẹ́ríkà títí wọn á fi jẹ ara wọn. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara méjèèjì. Nígbàkígbà tí ẹ bá sì so ó tán, ẹ fi jáàkì gbé imú kàráfáànì sókè díẹ̀: bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bá a gòkè, ó ti tì, bó bá bọ́ kúrò, Ọlọ́run ló yọ yín. Ẹ fi ẹ̀wọ̀n irin méjì kún un, kí wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́ imú.

Ẹ̀rọ amúlétutù wá kàn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi dábàá rẹ̀, ooru ilé páànù kì í ṣe ohun àwàdà. Ẹ̀rọ kékeré á máa jẹ iná tó nǹkan bí wáàtì 1000. Bátìrì fólítì 12, oní-100 Ah (iye iná tó lè kó pamọ́), irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, kò yẹ ká lo ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ bí a kò bá fẹ́ kó tètè kú. Fólítì 12 lọ́nà 100 jẹ́ wáàtì-wákàtí 1200, ìdajì yẹn sì jẹ́ nǹkan bí 600. Ẹ̀rọ náà á jẹ ẹ́ tán kó tó pé wákàtí kan. Ẹ ó wá ra jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á fẹ́ epo, á máa pariwo lóru ní ìdí òkè tí ẹ wá torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Ní àfikún, ẹ ti gbé nǹkan bí kílò 30 sí orí òrùlé tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe fún irú ẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní àìsàn tí dókítà sọ pé ooru kò bá a lára mu, mo lè gbà á, ṣùgbọ́n mi ò rí i kà nínú lẹ́tà yín.

Oòrùn tó ń lu òrùlé ló ń ṣe ooru náà, torí náà orí òrùlé ni kí ẹ ti kọjú ìjà sí i. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ẹ wá na tápólì tàbí aṣọ àgọ́ tó le lókè rẹ̀, kí ó jìnnà sí páànù níwọ̀n ìbú ọwọ́ ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Bí ẹ bá fi tápólì lé páànù láìsí àyè, ooru á kàn gba ara rẹ̀ wọlé ni. Kí aṣọ náà gùn kọjá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní mítà 2, òun náà ni yóò di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ó máa jókòó sí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè, nítorí náà ẹ ṣí ojú kan sí ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó bá wà ní òjìji, kí èkejì wà lókè ní apá kejì tàbí lórí òrùlé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo méjèèjì pẹ̀lú gbogbo fèrèsé. Fáànù kékeré oní-fólítì 12 á máa lé afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè. Kò ní tutù bí ilé báńkì, àmọ́ ẹ ó sùn.

Fáànù bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ wáàtì 20 fún wákàtí 10 á lo wáàtì-wákàtí 200. Gílóòbù méjì àti fóònù yín á fi nǹkan bí 100 kún un. Pánẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì lè dá èyí padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, bátìrì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á sì gbé yín fún nǹkan bí òru méjì bí òjò bá ṣú. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé. Ẹ má ṣe é. Bó bá wà lórí òrùlé, ẹ gbọ́dọ̀ gbé kàráfáànì sínú oòrùn kí iná tó wọlé, ẹ ó sì máa sè nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ irin fún pánẹ́ẹ̀lì náà, ẹ fún un ní wáyà mítà 10, kí kàráfáànì wà lábẹ́ igi, kí pánẹ́ẹ̀lì wà lóòrùn. Wáyà náà gbọ́dọ̀ nípọn, torí iná fólítì 12 ń sọnù púpọ̀ nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú rẹ̀ láràárọ̀. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kí bátìrì olómi sì wà nínú àpótí tó ní ihò sí ìta, nítorí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná lè gbiná. Bátìrì lítíọ̀mù fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa, a sì lè lo púpọ̀ sí i nínú agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni. Ó lè dúró dọdún mìíràn. Bó bá sì jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni kàráfáànì yín ti wá, ẹ má ki ohun èlò iná ilé tó bá a wá bọ iná wa. 120 fólítì ni tiwọn, tiwa jẹ́ 220.

Lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ti gbọ́, wọ́n sì ti ń dunnú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa gba àyè lọ́sàn-án àti lóru, ó ń gbé ìwúwo lọ sókè, ọmọ orí àjà òkè á sì wà níbi tí ooru pọ̀ sí jù. Ohun tí èmi máa ń kàn fún ìdílé ni àpótí pílíwúùdù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oní-mìlímítà 12, gíga wọn sẹ̀ǹtímítà 45, gbogbo wọn dọ́gba, kálukú pẹ̀lú ìdérí. Aṣọ wà nínú ọ̀kan, ìkòkò àti abọ́ nínú èkejì, oúnjẹ nínú ẹ̀kẹta. Lálẹ́, ẹ tò wọ́n, ẹ tẹ́ pákó mẹ́ta lé wọn, ẹ fi fóòmù lé e, bẹ́ẹ̀dì dé. Láàárọ̀, ẹ gbé méjì síta, wọ́n di àga, pákó kan lórí wọn sì di tábìlì. Ẹ fi òrùka irin mẹ́fà de ilẹ̀ kàráfáànì pẹ̀lú bóòtù, kí ẹ lè fi okùn bẹ́líìtì de àpótí mọ́lẹ̀ nígbà ìrìn. Àwọn ọmọ lè sùn sínú àgọ́ kékeré oní-nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aṣọ, lórí ẹní àti fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́. Bí òjò bá dé, ilẹ̀ inú ṣófo fún wọn. Bí ìyá bá fẹ́ bá yín wá láti Kétu, tí orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rọrùn láti dìde nílẹ̀, ìga 45 yẹn náà ló máa tù ú lára. Fún un nìkan ni mo lè ní kí ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀ láìtú u láàárọ̀.

Ẹ máa dáná níta, pẹ̀lú ìgò gáàsì kílò 6. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló ń kó jọ sí, kì í jáde lójú fèrèsé. Ihò tí ẹ bá rí ní ilẹ̀ kàráfáànì níbi tí ìgò máa ń wà, torí èyí ni wọ́n ṣe lu ú, ẹ má dí i. Mo tún bẹ̀ yín, lóru ọyẹ́ tí òtútù bá mú, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ inú rẹ̀, kódà bó kù díẹ̀ kó kú. Atẹ́gùn olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ojú kò rí i, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ fi aṣọ bora. Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, ike onídèérí pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú igi tó fún òru. Lọ́sàn-án, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó jìnnà sí odò tàbí kànga ní mítà 60 ó kéré tán, kí ẹ sì bò ó.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun nínú gbogbo èyí, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ igun òrùlé láti inú, ẹ tẹ ìsàlẹ̀ fèrèsé, ẹ tẹ ilẹ̀ ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ibi tó bá rọ̀ ti jẹrà, òjò ló ti ń wọlé. Ẹ gé e dànù dé ibi tí igi ti gbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dí ojú ìsopọ̀ ìta. Sílíkónì tí wọ́n ń lò fún ilé ìwẹ̀ kò dára níbẹ̀, torí bó bá bó, ohun mìíràn kì í lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ mọ́. Lórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó rí gbágungbàgun, ìṣó lásán á yọ. Bóòtù tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kì í tú ni kí ẹ lò. Táyà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà kàráfáànì máa ń gbó nínú oòrùn kí ojú rẹ̀ tó jẹ. Ẹ tú bẹ́ríìnì táyà méjèèjì, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ fi gírísì tuntun kún wọn.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa ní Sábẹ̀, ẹ má lọ gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkúta gan-an. Òkúta ìhòòhò kì í mu omi; òjò kan ṣoṣo á da gbogbo omi rẹ̀ sínú ojú àgbàrá lẹ́ẹ̀kan náà, òkúta náà á sì máa tú ooru ọ̀sán jáde di ọ̀gànjọ́. Ẹ jìnnà díẹ̀ sí i, lórí ilẹ̀ tó ga. Láti oṣù Kejìlá lọ, koríko ti gbẹ, iná ìgbẹ́ sì ń jà, torí náà ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àdúgbò kí ẹ tó tú ẹrù. Igbó ìjọba, bíi ti Dogo ní Kétu, ń fẹ́ àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ igbó. Pendjari àti W, àwọn ọgbà ẹranko ìjọba lókè àríwá, ẹ jẹ́ kó ṣì wà ná, nítorí ààbò ibẹ̀ kò dájú.

Owó yín, ẹ ná an báyìí: ìkọ́, táyà àti bẹ́ríìnì ṣáájú; òjò tó ń wọlé tẹ̀ lé e; lẹ́yìn náà ọ̀dà funfun, aṣọ òjìji àti nẹ́ẹ̀tì; àpótí; fáànù àti sólà kẹ́yìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ANaTT, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ojú ilẹ̀, nípa nọ́ńbà kàráfáànì àti irú ìwé ìwakọ̀ tó yẹ, kí ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín pé ẹ ó máa wọ́ ọ. Mi ò tíì fi ojú mi rí i, n kò sì lè tibi yìí mọ bí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jó irin wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, kó máa kàn án láti imú dé ẹ̀yìn. Bí irin bá lu níbi ọ̀pá táyà tàbí níbi tí imú ti so mọ́ ara, ẹ dá gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró ná. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ àti ti àwo nọ́ńbà ìwúwo tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá sọ fún yín bóyá ó ṣeé tún jó tàbí kí ẹ wá irin mìíràn sí abẹ́ rẹ̀.